"Wọ́n bí mi ní Ṣábẹ̀ẹ́": ẹ̀kọ́ kan lórí past participle Gẹ̀ẹ́sì

Bí a bá ń wá iṣẹ́ tàbí àyè ìwé ní Nàìjíríà tí kò jìnnà sí wa yìí, ibi tí wọ́n ti bí wa wà lára ohun tí a máa ń kọ́kọ́ kọ sínú lẹ́tà. Ibẹ̀ gan-an ni àwa tí a fi Faransé kàwé ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti máa ń ṣì í. A ó kọ "I am born in Savè", nítorí pé "Je suis né à Savè" ló wà lọ́kàn wa. Ẹni tó ń ka lẹ́tà yóò ti rí àṣìṣe kí ó tó mọ ohun tí a lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. "Né" jẹ́ participe passé "naître". "Suis" jọ ti ìsinsìnyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun àti "né" ló para pọ̀ di passé composé, tó ń sọ ohun tó ti kọjá. "Born" náà jẹ́ past participle. Ọ̀dọ̀ "bear" ló ti wá, èyí tí í ṣe "bí" tiwa. Ṣùgbọ́n "am" kì í sọ ohun tó ti kọjá. "Was" la gbọ́dọ̀ lò: "I was born in Savè". Bí ìyá bá jẹ́ olùwà, "borne" la ń kọ: "She has borne three children".

Yorùbá lè ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà, a kò sì ní past participle. "Wọ́n" tí kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó ni a ń lò. Bí a bá rí i, kí a rántí "be" àti past participle:

Wọ́n jí owó náà: The money was stolen.
Wọ́n ti ta ilé náà: The house has been sold.

Ohun kejì ni "ti". "Il est arrivé" lè jẹ́ "Ó dé", ó sì lè jẹ́ "Ó ti dé". Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ bíi tiwa:

Ó dé lánàá: He arrived yesterday.
Ó ti dé: He has arrived.

"He is arrived" kò tọ̀nà lónìí. Nítorí náà, kí a tó kọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ lọ́kàn.

Ìdánrawò: Ẹ túmọ̀ wọ̀nyí sí Gẹ̀ẹ́sì.
1. Wọ́n bí àbúrò mi ní Kétu.
2. Ìyá mi ti lọ.
3. Ìyá mi lọ lánàá.
4. Wọ́n ti se iṣu náà.