Kí Ọmọ Tó Padà Sórí Máàtì Lẹ́yìn Iléyá

Iléyá ti lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá bá wa ṣọdún ní Ìmàṣàyí ti padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ wa sì ti ń wá aṣọ kàrátè tàbí judo tí wọ́n jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí kíláàsì ti gba ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá Rukānah jìjàkadì, ó sì dá a, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àkójọ hadiisi Abū Dāwūd. Ìjàkadì kò sì ṣàjèjì sí àwọn baba tiwa náà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó lọ, ẹ bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, kí ẹ wo orí àti ara rẹ̀ dáadáa.

Làpálàpá ni ẹ ó máa wá. Ọdún gan-an ló máa ń kó o bá wọn. Onígbàjámọ̀ kan lè fi kílípà kan ṣoṣo gẹ orí ogún ọmọ láàárọ̀ kan, láìnu ojú rẹ̀ rárá. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọ márùn-ún á sùn sórí ẹní kan, wọ́n á máa pín fìlà àti tọ́wẹ̀lì lò. Làpálàpá kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú. Irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu ló ń fà á, ara dé ara ló sì fi ń ràn. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́rìnlá kó tó yọ. Nítorí náà, ọmọ tí ara rẹ̀ mọ́ lónìí lè mú un yọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Judo àti ìjàkadì ló burú jù, torí pé ara ń ra ara níbẹ̀. Ní Japan, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, irú làpálàpá kan tí wọ́n ń pè ní Trichophyton tonsurans tàn ká láàárín àwọn tó ń ṣe judo.

Ohun tó ń dùn wá ni kí òbí rí i, kó fi fìlà bò ó, kó ní kí ọmọ máa lọ. Òmíràn á ra ìpara àdàlù tí steroid wà nínú rẹ̀. Yíyún náà á dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn náà á máa tàn lábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ara ló wà, ìpara clotrimazole lásán máa ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì dá a dúró lọ́jọ́ tí awọ bá mọ́. Tó bá jẹ́ orí ni, tí irun já lójú kan tí ibẹ̀ funfun bí eérú, ìpara kò lè dé ìdí irun. Oògùn mímu ni, láti ọwọ́ dókítà. Àwọn tó ń darí ìjàkadì ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ẹni tó ní i lára padà bá ẹnikẹ́ni jà kí wákàtí 72 ìtọ́jú tó pé. Ti orí, ọjọ́ 14 ni.

Aṣọ kàrátè ńkọ́? Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sá a sóòrùn. Kó má sùn sínú ọ̀rá. Ẹ fọ bẹ́líìtì pẹ̀lú. Àwọn kan ń sọ pé tí a bá fọ bẹ́líìtì, ìmọ̀ inú rẹ̀ á ṣàn lọ. Ìmọ̀ wo ló ń gbé inú aṣọ? Ní ti èékánná, Anas sọ nínú hadiisi tí Muslim gbà wá pé kó má kọjá ogójì òru. Ọmọ tó ń di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn mú kò gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Kó máa gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn àlùwàlá, kó nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ kó tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.

Ara tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè ṣe bí ti tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ bá olùkọ́ sọ ọ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n fi ìdajì iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ tún bọ́ ẹ̀wù ọmọ, kí ẹ tún un wò.