Ilé Tí A Ó Wọ̀ Sí Nígbà Tí A Bá Lọ Wo Àbùùbùtán

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, a bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí a fi yẹ́ wọn sí. Wọn ò béèrè aṣọ, wọn ò béèrè àríyá. Wọ́n ní, "Ẹ mú mi lọ wo ìyá àbùùbùtán àti ọmọ rẹ̀. Mo ti gbẹ̀bí ènìyàn tó. Mo fẹ́ wo bí abiyamọ tó tóbi tó ilé ṣe ń tọ́ ọmọ."

Kò sí ẹranko tó tóbi tó àbùùbùtán nínú òkun. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ ti fi hàn: a bù ú, a tún bù ú, kò tán. Ó jọ ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mí bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí ó fi gbọ́dọ̀ máa yọrí sókè. Ó ń lóyún, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú.

Ìlú tí a yàn ni Hermanus, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 120 sí Cape Town. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kọkànlá, àwọn àbùùbùtán kan máa ń kúrò nínú òkun yìnyín níhà gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọn a wá bímọ sínú omi Walker Bay tó wà níwájú ìlú náà. Àgbà wọn lè gùn tó mítà 15, ìyẹn bíi dánfó mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ọmọ tuntun fúnra rẹ̀ gùn ju dánfó kan lọ. Ìyá kì í jẹun ní gbogbo oṣù tó fi ń tọ́ ọmọ níbẹ̀; ọ̀rá ara rẹ̀ ni ó ń ná. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Láyé àtijọ́, irú àbùùbùtán yìí ni àwọn ọdẹ òkun kà sí èyí tó yẹ láti pa jù, nítorí pé kì í yára, ó fẹ́ràn etíkun, bí wọ́n bá sì pa á, kì í rì. Wọ́n pa á títí ó fi kù díẹ̀ kó run. Ní ọdún 1935 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pé kí wọ́n má pa á mọ́. Fífẹ́ràn tó fẹ́ràn etíkun, èyí tó fẹ́ẹ̀ pa á run nígbà náà, ni ó jẹ́ kí àwa lè jókòó lójú fèrèsé kí a máa wò ó lónìí. Nítorí náà, ní Hermanus, ọ̀rọ̀ ilé ṣáájú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi.

Mo ti lọ síbẹ̀ rí, mo sì ṣi ilé yàn. Àwòrán adágún omi tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ ló fà mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti ilé dé òkun. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ti mọ́tò ni. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni ilé náà wà. Òkun dà bí ìgbànú aláwọ̀ aró lọ́nà jíjìn. Bí mo bá gbọ́ pé àbùùbùtán yọ, kí n tó wọ mọ́tò, kí n tó wá ibi tí n ó gbé e sí, ó ti rì padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sáré bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní orúnkún tí kì í jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo béèrè ìbéèrè kí n tó sanwó.

Èkíní: ẹsẹ̀ mélòó ni láti ẹnu ọ̀nà dé orí àpáta? Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní Hermanus tó ń tẹ̀lé etí àpáta fún nǹkan bíi kìlómítà 12, láti èbúté tuntun ní ìwọ̀-oòrùn títí dé tòsí etíkun Grotto ní ìlà-oòrùn. Bẹ́ǹṣì ìjókòó wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé tó bá wà lójú títì tó tẹ̀lé ọ̀nà yìí ni kí ẹ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé tó wà létí iyanrìn ló dára jù, torí ohun tí a mọ̀ sí etíkun nìyẹn. Iyanrìn dára fún ọmọdé tó fẹ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí iyanrìn, ìgbì ni yóò máa dí i lójú. Orí àpáta ga, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn, nítorí náà àbùùbùtán lè súnmọ́ ọn débi pé ẹ ó rí àwọn èépá funfun tó wà lórí rẹ̀. Ìtòsí èbúté àtijọ́, láàárín ìlú, ló rọrùn jù fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn: ilé oúnjẹ, ilé oògùn àti bẹ́ǹṣì kò jìnnà síra. Àdúgbò Voëlklip dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó nílò mọ́tò.

Ìbéèrè kejì ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun ni mo sì kà sí jù: ṣé yàrá náà móoru? Lápá ìsàlẹ̀ ayé níbẹ̀, àríwá ni oòrùn máa ń gbà kọjá. Òkun Hermanus sì wà ní gúúsù ìlú. Ìyẹn ni pé fèrèsé tó kọjú sí òkun ti kẹ̀yìn sí oòrùn. Ojú yóò ríran dáadáa, torí oòrùn kò ní máa tàn sí yín lójú, ṣùgbọ́n yàrá yóò tutù. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni ìgbà òtútù wọn, òjò sì máa ń rọ̀ ní apá ibẹ̀ nígbà náà. Mo fi fóònù pe onílé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé hítà wà nínú yàrá tó kọjú sí òkun gan-an, àbí pálọ̀ nìkan ló wà?" Wọ́n ní pálọ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn yóò gbé ọ̀kan sí yàrá. Mo tún béèrè bóyá iná ń ṣiṣẹ́ bí ti ìjọba bá lọ. Ẹ má tijú láti béèrè.

Ní ti àkókò, ìparí oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kẹwàá ni ìyá àti ọmọ pọ̀ jù. Wọ́n máa ń ṣe ọdún àbùùbùtán ní ìlú náà ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ilé a gbówó lórí nígbà náà, ariwo a sì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kó yẹra fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwa ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà, nítorí náà ilé tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà bí físà kò bá jáde ni kí ẹ gbà.

Ẹ má gba alẹ́ méjì péré. Bí afẹ́fẹ́ bá le, gbogbo ojú òkun a kún fún ìfófòó funfun, ẹ kò sì ní mọ èémí àbùùbùtán yàtọ̀ sí ìgbì. Ọdún kò sì dọ́gba. Àwọn onímọ̀ tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kà wọ́n láti ọdún 1969 rí i pé wọ́n kéré gan-an ní 2016, wọ́n sì pọ̀ gidigidi ní 2018. Bí oúnjẹ bá ti rí nínú òkun yìnyín ni wíwá wọn máa ń rí. Alẹ́ mẹ́rin ni mo gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, èyí tí ìjọba fún níwèé àṣẹ ni kí ẹ wọ̀. Òun lè súnmọ́ àbùùbùtán ní mítà 50. Ọkọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní mítà 300. Ẹ máa ti fèrèsé bí ẹ bá ń jáde, torí àwọn ọ̀bọ ńláńlá máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá kó oúnjẹ.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ nìkan la rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo gbọ́ ohùn kan níta: fúúù, bí ìgbà tí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà lọ́rì. Mo wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti fa àga sí ojú fèrèsé, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, hítà ń pọ́n lẹ́sẹ̀ wọn. Nísàlẹ̀ àpáta, ìyá nà sílẹ̀ dúdú bí ọkọ̀ tó dojú dé. Èémí rẹ̀ tú sókè, ó là sí méjì bí ẹ̀ka igi. Ọmọ fara tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀."

Wọ́n na ọwọ́ sí mi láì yí ojú padà. "Rọra. Mò ń ka èémí ọmọ."

Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, bí wọ́n ṣe máa ń wò ó ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ọmọ mí, ó tún mí, kí ìyá tó mí lẹ́ẹ̀kan. Tíì tí mo gbé wá tutù lọ́wọ́ mi.

"Ó ń mí dáadáa," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Títí di ọjọ́ wo la sanwó ilé yìí?"

"Ọ̀la là ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Lọ bá onílé sọ̀rọ̀."

Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo lọ kan ilẹ̀kùn.