Orí Kẹfà: Lẹ́tà Tó Ń Tẹ̀lé Ọdún

Ní Taruga, ní ilẹ̀ Abuja tí a wà yìí, àwọn tó mọ ère amọ̀ Nok ti ń yọ irin nínú òkúta láyé àtijọ́. Bernard Fagg wú ìléru wọn jáde ní àwọn ọdún 1960. Èédú inú ìléru náà ni wọ́n fi mọ̀ pé ó ti lé ní 2,000 ọdún. Bí ẹ bá ka ìtàn yìí, ìwé kan lè kọ 400 BC, kí òmíràn kọ 400 BCE. Ọdún kan náà ni.

BC túmọ̀ sí "kí wọ́n tó bí Kristi". AD jẹ́ èdè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ní ọdún Olúwa". Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé "lẹ́yìn ikú Jésù" ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bó bá jẹ́ ikú ni, níbo ni a ó ka ọdún tí Jésù lò láyé sí? Mọ́ńkì kan ní Róòmù, Dionysius, ló dá ìṣirò yìí sílẹ̀ ní 525.

Àwọn Mùsùlùmí ní tiwọn. Láti 622, ọdún tí Ànábì ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, ni wọ́n ti ń ka Híjírà. Nígbà tí Híjírà 1434 wọlé ní 2012, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá kéde ìsinmi ní Ọ̀ṣun. Inú àwọn kan dùn, àwọn mìíràn fajú ro.

Nítorí pé ẹ̀sìn wa kì í ṣe ọ̀kan, àwọn kan ń kọ CE dípò AD, àti BCE dípò BC. CE ni "sànmánì tiwa", BCE ni "ṣáájú sànmánì tiwa". Àwọn tó fẹ́ ẹ sọ pé kò yẹ kí Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe máa pe Jésù ní Olúwa nígbàkígbà tó bá kọ déètì. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní orúkọ lásán lẹ yí padà, ìbí Jésù náà lẹ ṣì ń kà. Òótọ́ ni tọ̀tún tòsì ń sọ.

Èmi gbà pé AD dára nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n Abuja jẹ́ ti gbogbo wa. Mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì àpapọ̀ kò jìnnà síra wọn níbẹ̀. Nínú ìwé ìjọba àti ìwé ilé ẹ̀kọ́, "sànmánì tiwa" ni mo fara mọ́. Láti inú èdè Lárúbáwá ni "sànmánì" ti wá, síbẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì Yorùbá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá rí BC tàbí BCE, ẹ rántí pé nọ́ńbà tó pọ̀ jù ló pẹ́ jù. 400 ti kọjá kí 300 tó dé.