Ohun tó yẹ kí ọlọ́jà kọ sórí ìkànnì rẹ̀ kí oníbàárà má baà kọjá lọ

Bí èèyàn bá wọ ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, láti ra àdìrẹ, kì í ṣe ojú nìkan ló fi ń rà á. Yóò mú aṣọ náà dání, yóò nà án síta, yóò fọwọ́ pa á wò, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣé òwú ni? Yáàdì mélòó ni? Ṣé kò ní í ṣá? Èló ni jálẹ̀? Ìyá aláṣọ yóò sì máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ọwọ́ oníbàárà yóò fi wọ àpò.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà ní London, tó ń wá aṣọ ẹbí ní aago méjìlá òru, kò rí ìyá aláṣọ bi ní ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fọwọ́ kan aṣọ. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìkànnì náà nìkan ni yóò dá a lóhùn. Bí kò bá rí ìdáhùn, kò ní í bínú, kò ní í jà, yóò kàn kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Àdánù ńlá sì nìyẹn, nítorí ọlọ́jà kò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé oníbàárà kan wá, ó sì ti lọ.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ló ń náwó lórí ìkànnì, tí wọ́n á wá fi ìyìn ara ẹni kún inú rẹ̀: "A kí yín káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ wa tó gbayì jù lọ, níbi tí ojúlówó ọjà wà." Gbólóhùn yìí lè jẹ́ ti aláṣọ, ó lè jẹ́ ti oníbúrẹ́dì, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1997, Jakob Nielsen, tó gbajúmọ̀ nínú ìwádìí nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, gbé àbájáde kan jáde pé ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n dán wò ló máa ń sáré fojú gán-án-ní ojú-ewé tuntun, ìdá 16 péré ló ń kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń tà, ibi tí wọ́n wà, àti bí ọjà ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tó bá rà á.

Ìbéèrè oníbàárà ni ìbẹ̀rẹ̀

Kí oníṣòwò mú ìwé kan sí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi í sílẹ̀, bí wọ́n ṣe bi í gan-an. Èyí tó bá ń wáyé lemọ́lemọ́ ni ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìkànnì. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: irú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ń béèrè ọjà lẹ́nu ni yóò tẹ̀ sórí Google. Ẹni tó ń wá àdìrẹ fún ìnáwó kò ní í tẹ "aṣọ aláràǹbarà", "àdìrẹ aṣọ ẹbí" ni yóò tẹ̀.

Àlàyé tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́

"Ojúlówó àdìrẹ, ó rẹwà púpọ̀" kò tó. Àlàyé tó dára yóò lọ báyìí: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ òwú, yáàdì márùn-ún. Ọwọ́ la fi ya àrà ara rẹ̀. Aró díẹ̀ lè jáde nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ dá a fọ̀ nínú omi tútù." Ọlọ́jà lè máa bẹ̀rù pé gbólóhùn ìparí yẹn yóò lé oníbàárà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ kò ní í pariwo. Ẹni tí wọn kò sọ fún ni yóò ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Bákan náà, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àrà àdìrẹ sí lára kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe, kí ọlọ́jà pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 ka irọ́ pípa nípa ọjà léèwọ̀.

Kí iye owó hàn

"Ẹ pè wá fún iye owó" wọ́pọ̀ púpọ̀. Ohun tó máa ń wá sọ́kàn oníbàárà ni pé ojú òun ni wọ́n fẹ́ wò kí wọ́n tó dá iye lé e. Òfin ọdún 2018 yẹn náà ló ní kí ọlọ́jà fi iye owó hàn. Òótọ́ ni pé owó ọjà kì í dúró sójú kan, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ ọ́ pé, "Iye yìí wà títí di òpin oṣù yìí." Kí wọ́n kọ owó ìfiránṣẹ́ lọ́tọ̀, kó má baà di ìyàlẹ́nu nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ sanwó.

Ohun tí èèyàn lè yẹ̀ wò

Iṣẹ́ àwọn gbájúẹ̀ ti mú kí ara máa fu àwọn òǹrajà, pàápàá àwọn tó wà lókè òkun, olóòótọ́ ọlọ́jà ló sì ń jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn kò lè yọ ọ́. Ohun tí yóò yọ ọ́ ni àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ibi tí àwọn èèyàn mọ̀ nítòsí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ń gbé, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, àkáǹtì báǹkì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́, àti fọ́tò ọjà tí wọ́n fúnra wọn yà lójúmọmọ. Kí wọ́n tún kọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ọjà bá dé pẹ̀lú àléébù, àti iye ọjọ́ tí oníbàárà ní láti dá a padà.

Ẹni tó jẹ́ pé orí Facebook tàbí WhatsApp nìkan ló ti ń tajà kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ti kà á, dátà sì ń ná wọn lówó. Kí ìpínrọ̀ kúrú, kí fọ́tò má wúwo, kí wọ́n sì tètè yọ ọjà tó bá ti tán kúrò.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Kí oníṣòwò gbé ìkànnì náà fún ẹni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí, kó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kó wá bi í pé: Kí ni wọ́n ń tà? Èló ni? Báwo ni yóò ṣe dé ọwọ́ rẹ? Èyí tí onítọ̀hún kò bá lè dáhùn ni kó lọ tún kọ.