Kí Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Owó Yẹn Rà Lọ́wọ́ Rẹ?

*Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà. Alẹ́ 3 ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀, wákàtí 12 lálẹ́ kan, ó sì ti sú mi. Takisí ni ọkọ mi ń wà, àwọn ìbejì wa ò tíì pé ọdún 5. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n fi ipò mi sílẹ̀, kí n di nọ́ọ̀sì relief bíi tòun. Ó ní wọ́n á fi ìdá 15 nínú 100 kún owó wákàtí mi, ọjọ́ tó bá sì wù mí ni màá lọ. Ọ̀gá wa tún ní ipò temporary olóṣù 3 kan ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án. Èwo ni kí n mú?*
*Ìyá Ìbejì, Portland*

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, o kú iṣẹ́ alẹ́, o kú ìtọ́jú ọmọ. Má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Mo ka lẹ́tà rẹ dáadáa: iṣẹ́ alẹ́ ló sú ọ, kì í ṣe ipò rẹ. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ kí o fi sílẹ̀ ni ipò yẹn.

Nọ́ọ̀sì relief kò ní iye wákàtí kan tí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fún un. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì, bí aláìsàn kò bá pọ̀, òun wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ “ọjọ́ tó bá wù mí” náà ní ààlà: àdéhùn sábà máa ń sọ iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ wá lóṣù, pẹ̀lú òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ọdún. Ti temporary yàtọ̀. Ó ní wákàtí, àmọ́ ó lọ́jọ́ tí yóò parí, torí pé àlàfo ẹni tó lọ bímọ tàbí tó ń ṣàìsàn ni wọ́n sábà máa ń fi dí. Tóṣù 3 bá pé, ta ló máa dá ọ padà sí ipò rẹ? Bí èsì rẹ̀ kò bá sí lákọsílẹ̀, má gba ipò náà.

Jẹ́ ká ṣírò owó, torí pé ìdá 15 yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi dípò ìsinmi tó lówó nínú àti adójútòfò ìlera. Ká ní dọ́là 60 lò ń gbà ní wákàtí kan. Ìdá 15 á sọ ọ́ di 69. Ká tún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 4 tó lówó nínú wà fún ọ báyìí. Owó ọdún rẹ jẹ́ 112,320. Tó o bá di relief, tó o sì sinmi ọ̀sẹ̀ 4 kan náà láìgba kọ́bọ̀, wàá gba 119,232. Èrè rẹ kò ju 6,912 lọ. Alẹ́ kan tí wọ́n bá ní kó o má wá, 828 ló lọ. Alẹ́ 9 péré lọ́dún ti gbé gbogbo èrè náà mì, a ò sì tíì dárúkọ adójútòfò ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì.

Adójútòfò yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Takisí kì í sábà fún awakọ̀ ní ti ilé iṣẹ́, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí tìrẹ ni ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́, ṣé abẹ́ ọkọ rẹ̀ ló wà? A kì í wo aago aláago ṣiṣẹ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí relief kò gbà lọ́wọ́ ẹni: òfin ìjọba àpapọ̀ ṣì ní kí wọ́n san owó àṣelé fún ọ, bí wákàtí rẹ bá kọjá iye tó yẹ. Ṣùgbọ́n ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 tí òfin ọdún 1993 fún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tàbí tó ń ṣàìsàn, ẹni tó bá ti lo oṣù 12 tó sì ṣe wákàtí 1,250 láàárín ọdún kan ló wà fún. Relief tí wọn kò pè dáadáa lè má kájú rẹ̀.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ipò ọ̀sán tó o ń wá, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àdéhùn sábà máa ń fún láǹfààní àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló sì ń gbé òṣìṣẹ́ olípò ṣíwájú relief. O lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ kúrò níwájú, kó o lọ tò sẹ́yìn àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ.

Lọ́sẹ̀ yìí, wá aṣojú ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì yín ní wọ́ọ̀dù rí. Gba ìwé àdéhùn, kó o ka ibi tó sọ̀rọ̀ nípa relief, temporary àti bí wọ́n ṣe ń ka ọdún iṣẹ́. Bi í pé: nígbà wo ni ipò ọ̀sán máa ṣí? Tí mo bá dín wákàtí kù láti alẹ́ 3 sí 2, ṣé adójútòfò mi máa dúró? Ọ̀pọ̀ àdéhùn gbà kó dúró. Bó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn yìí ló ṣe ìwé ìwọ̀lú rẹ, tí gírínkáàdì kò sì tíì jáde, rí lọ́yà ìwé ìwọ̀lú kó o tó yí ohunkóhun padà, torí pé iṣẹ́ kíkún tí kò lọ́jọ́ òpin ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dúró lé.

Bí mo bá wà nípò rẹ, alẹ́ 2 ni màá tọrọ, màá sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ de ipò ọ̀sán.