Ta Ló Pè Ọ́ Lólè?

Ọmọ kéwú wa kan ní Ọ̀tà mú lẹ́tà tí ó fẹ́ fi wáṣẹ́ ní Sango wá kí a bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó búra nínú rẹ̀ pé òun kì í ṣe olè. A ní, ‘Ta ló pè ọ́ lólè?’

Nínú ìmọ̀ Balágà, al-Qazwini, tí ó kú ní 1338, ṣàlàyé pé olùgbọ́ pín sí mẹ́ta. Ẹni tí kò ní èrò kankan nípa ọ̀rọ̀ náà, a ó sọ ọ́ fún un ní wẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ń ṣiyèméjì, a ó tẹnu mọ́ ọn díẹ̀. Ẹni tí ó bá sẹ́ nìkan ni à ń le ọ̀rọ̀ sí, títí dórí ìbúra. Ẹ wo Súrátù Yásìn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sórí: ní áyà 14, ‘inna’ ni àwọn òjíṣẹ́ fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí ará ìlú pè wọ́n ní onírọ́, ní áyà 16 wọ́n fi ‘la’ kún un, wọ́n sì fi Olúwa wọn ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò tíì sẹ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí o mọ̀ àti ibi tí o ti kọ́ ọ ni ó fẹ́ kà. (Àwa náà ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí.) Ìwé ẹ̀sùn lórí owó oṣù tí wọ́n sẹ́ yàtọ̀: ìyẹn gbọ́dọ̀ le, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó àti ẹlẹ́rìí.

Ìwé pélébé ‘iṣẹ́ wà’ ńkọ́, èyí tó ń búra pé òun kì í ṣe jìbìtì, tó sì ń béèrè owó fọ́ọ̀mù? Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í o! Ẹni tó kọ ọ́ mọ ìdí tí a ó fi ṣiyèméjì.

Ọmọ wa pa ìbúra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Ìlà méje ló kù.