Ìgbọ̀n àti Ìdákú Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ògbólógbòó: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àyẹ̀wò Àlèébù

1. Ìfáárà

Bí ọkọ̀ elépo bẹntiróò kan tí ó ti pẹ́ bá ti Ilé-Ifẹ̀ dé Ìfẹ̀wàrà ní àkókò ọyẹ́, tí eruku pupa bò ó, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń gbọ̀n ní ìdúró títí ó fi dákẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni awakọ̀ sábà máa ń sọ fún mẹ́káníìkì: "Ọkọ̀ mi ń kú." Gbólóhùn yìí tó fún ẹni tí ń ráhùn, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí yóò ṣàtúnṣe. Ọ̀rọ̀ náà "kú" ni wọ́n ń lò fún ẹ́ńjìnì tí ó dákẹ́ tí ó sì tún jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń lò fún èyí tí ó kọ̀ láti jí ní òwúrọ̀, àti fún èyí tí ó ti nọ́ọ̀kì pátápátá. Àlèébù mẹ́ta tí okùnfà wọn kò jọra ni ọ̀rọ̀ kan bò mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó wà nídìí ọ̀ràn yìí ju ẹwà èdè lọ. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin àlèébù wọ̀nyí yóò pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì lónìí, yóò tú kábúrétọ̀ lọ́la, yóò ra kọ́ìlì lọ́túnla. Olówó ọkọ̀ yóò sanwó lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ yóò sì tún máa ṣe bí ó ti ń ṣe. Àbá àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀-ìperí tí ó dára nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí àyẹ̀wò tí ó kàn.

2. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

Láti ọdún 1970, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ni ọlọ́dún mẹ́fà ní èdè Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ti hàn gbangba pé Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Ẹ̀dè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 la ọ̀nà fún èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ kò sí nínú ohun tí ìwé náà dá lé.

Àwọn mẹ́káníìkì kò dúró de ìwé. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí ń to Píjò pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Píjò 504 àti Volkswagen kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìjàpá wá di ohun tí ojú mọ̀. Ẹni tí ó bá fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́káníìkì yóò ṣàkíyèsí ìlànà kan tí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí ọwọ́ lè mú, àyálò ni orúkọ rẹ̀: púlọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀, kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì, mánífóòlù. Ohun tí etí ń gbọ́ tí ara sì ń mọ̀, ọ̀rọ̀ àbínibí ni wọ́n fi ń sọ ọ́: ó ń gbọ̀n, ó ń tiro, ó kú, ó jí. Kò sí ìdí láti dààmú àwọn àyálò náà, nítorí pé orúkọ kan náà ni òǹtajà àti òǹrajà mọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ àbínibí ni ó yẹ kí a fún ní ààlà.

3. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ní ìdúró

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnì bẹntiróò nílò: àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ tí ó wọ̀n, iná tí ó já ní àsìkò rẹ̀, àti sìlíńdà tí ó lè fún àdàlù náà pọ̀ láìjò. Nígbà tí ọkọ̀ dúró tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú kábúrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Ihò tín-ín-rín kan ni epo ń gbà kọjá, ẹ́ńjìnì sì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 700 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí pé ohun gbogbo kéré ní àkókò yìí, àṣìṣe kékeré a di ńlá. Ife omi kan tí wọ́n bù kúrò nínú àgbá kò hàn. Bí ó bá jẹ́ inú ìkòkò kékeré ni, gbogbo ilé yóò mọ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kan fi lè sáré dáadáa lójú ọ̀nà Iléṣà, tí yóò sì dákẹ́ bí ó bá dúró ní ọjà.

Fún àdàlù, ilé ìdáná ti pèsè ọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ a máa ki, ọbẹ̀ a sì máa ṣàn. Bí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, àdàlù kíki ni; bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, àdàlù ṣíṣàn ni. Ìwọ̀n tí epo fi ń jó tán láìṣẹ́kù ni afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1, bí a bá wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n.

4. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

(i) Yíyí ìdúró. Àwọn mẹ́káníìkì ń pè é ní sìlóò. Ọ̀rọ̀ yìí sọ bí ẹ́ńjìnì ti ń yára tó, kò sọ ipò tí ó wà. Ọkọ̀ tí ń rìn jẹ́jẹ́ pàápàá wà ní sìlóò. Yíyí ìdúró sọ ipò náà: ẹ́ńjìnì ń yí, ọkọ̀ dúró, ẹsẹ̀ awakọ̀ kò sí lórí ohun tí ó ń tẹ̀.

(ii) Ìgbọ̀n. Oríṣi méjì ni. Ìgbọ̀n atiro ní ìlù tí ó ṣe déédéé, bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń tiro: sìlíńdà kan náà ni kò ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ìgbọ̀n ségesège kò ní ìlù: gbogbo sìlíńdà ni ọ̀ràn náà kàn, ó sì sábà jẹ́ àlèébù àdàlù.

(iii) Ìtàsé iná. Ọdẹ a máa tàsé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iná, bí ó bá já láìmú àdàlù jó, tàbí bí kò bá já rárá.

(iv) Ìdákú. Ẹni tí ó dákú kò kú. Ó ń bọ̀ wá jí. Ẹ́ńjìnì tí ó dákẹ́ lójijì tí ó sì ṣeé jí ni ó dákú. Èyí tí kò jí ní òwúrọ̀ wà nínú àìjí. Kí "kú" wà fún èyí tí ó ti nọ́ọ̀kì.

(v) Afẹ́fẹ́ ayọ́wọlé. Èyí ni afẹ́fẹ́ tí kò gba ẹnu kábúrétọ̀, tí ó yọ́ wọlé láti ibi tí mánífóòlù tàbí rọ́bà ti jò, tí ó sì sọ àdàlù di ṣíṣàn.

5. Ọ̀nà ìfọ̀yọ

Ní agbègbè Ìfẹ̀wàrà àti Ìtagúnmódì, àwọn tí ń wa wúrà kì í wá wúrà ní tààràtà. Wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀ títí ohun tí ó wúwo yóò fi ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò àlèébù rí: kí a fọ ohun tí kì í ṣe òun kúrò, kí òun fúnra rẹ̀ lè kù. Ìfọ̀yọ ni orúkọ tí ó bá ọ̀nà yìí mu.

Ìbéèrè ni àkọ́kọ́: nígbà wo ni ó ń dákú? Bí ó bá jẹ́ nígbà tí awakọ̀ tẹ búréèkì, kí wọ́n yẹ rọ́bà tí ó so búréèkì mọ́ mánífóòlù wò. Bí ó bá jẹ́ kìkì nígbà tí ó gbóná, kọ́ìlì tàbí epo tí ń di oruku nínú páìpù ni kí wọ́n fura sí. Bí ó bá jẹ́ ní kété tí ẹsẹ̀ kúrò, ihò epo ti yíyí ìdúró ti dí. Nínú Ìjàpá tí ó ní ìdè oníná lára kábúrétọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo wáyà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ra epo, epo ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra, a sì máa sọ àdàlù di ṣíṣàn.

Iná ni ó tẹ̀lé e. Kí wọ́n fi ohun èlò tí iná kò lè gbà kọjá yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sìlíńdà tí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ tí ìró ẹ́ńjìnì kò yí padà, òun ni atiro. Àwọ̀ púlọ́ọ̀gì náà ń sọ̀rọ̀: dúdú eléèédú jẹ́ ti àdàlù kíki, funfun jẹ́ ti àdàlù ṣíṣàn, òróró ẹ́ńjìnì lórí rẹ̀ ń tọ́ka sí sìlíńdà tí ó ti jẹ. Àlàfo kọ́ńtáàtì Ìjàpá jẹ́ nǹkan bíi 0.4 mm.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́. Eruku tí ó dí fílítà ń sọ àdàlù di kíki. Èéfín dúdú ni àmì rẹ̀. Fún afẹ́fẹ́ ayọ́wọlé, kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí ojú ìsopọ̀ mánífóòlù, kí wọ́n sì fetí sílẹ̀ bóyá ìró yóò yí padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi bẹntiróò ṣe é, nítorí iná. Ìta gbangba sì ni ibi iṣẹ́ náà, nítorí pé èéfín ẹ́ńjìnì nínú ilé tí a tì a máa pa ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin ni epo: fílítà, pọ́ǹpù àti ihò kábúrétọ̀. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ ihò náà mọ́. Wáyà tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́ yóò fẹ̀ ẹ́, ọbẹ̀ yóò sì ki títí láé.

Ìdè sìlóò ni ó gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi í ṣáájú. Wọ́n á yí i kí ẹ́ńjìnì máa sáré, ìdákú á dáwọ́ dúró, wọ́n á sì rò pé àlèébù ti tán. Wọ́n kàn bò ó ni.

6. Àgbálọgbábọ̀

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkúńbọ̀ kò ní kábúrétọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣètò yíyí ìdúró wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, P0300 ni ó ń kọ bí iná bá ń tàsé káàkiri, P0301 ni ó sì ń kọ bí ó bá jẹ́ sìlíńdà kìíní nìkan. Ségesège àti atiro kọ́ nìyẹn? Ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi nọ́ńbà sọ ni etí mẹ́káníìkì Yorùbá ti fi ọ̀rọ̀ sọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè nínú ọ̀ràn yìí, nígbà náà, kì í ṣe láti ṣẹ̀dá orúkọ tuntun fún gbogbo irin tí ó wà nínú ẹ́ńjìnì. Kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹ́káníìkì ti ní, kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààlà, kí wọ́n sì fi kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọjọ́ tí awakọ̀ bá lè sọ pé, "Ó ń tiro, ó sì ń dákú bí mo bá tẹ búréèkì," ìdajì àyẹ̀wò ti parí kí mẹ́káníìkì tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.